Ìpè Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní Port-Bouët ní Côte d'Ivoire, lóṣù kẹrin ọdún 2011, ebi wọnú gbogbo àgbàlá náà, ọ̀rọ̀ kò sì yéé wọlé tọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni àlejò ni. Àwọn ọkùnrin méjì ń du àga ààrẹ kan ní Le Plateau, àwọn tí kò fẹ̀yìn ti irú àga bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn ló sì ń kú sí i.

Adéfọlákẹ́ ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó da ìrẹsì tó kù nínú àpò sínú abọ́, ó gbọn àpò náà, ó wá yí inú rẹ̀ síta, ó ń ṣa àwọn hóró tó há sójú ìránṣọ. Ìrẹsì ọ̀nà ni. Tó bá di ọ̀sán, François awakọ̀ yóò wá gbé e, òun àti ọkọ rẹ̀ àti Àdúràgbèmí ọmọ wọn, lọ sí Noé níbi tí ilẹ̀ Côte d'Ivoire parí sí. Tí wọ́n bá ti tẹ ilẹ̀ Ghana, wọ́n á máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi délé ní Ẹ̀jìgbò. Àyè mẹ́ta ló wà fún wọn nínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ Adéfọlákẹ́ ló ra àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àná ni ìyàwó François wá gbé e lọ, ó sì kó gbogbo òwú mọ́ ọn, kò tilẹ̀ ṣẹ́ ìdì kan kù.

“Maman, on part quand?” Àdúràgbèmí bi í láti orí ẹní.

“Tó bá di ọ̀sán. Sùn padà.”

“Papa náà ń bọ̀?”

“Ta ló fẹ́ fi bàbá ẹ sílẹ̀? Sùn, jàre.”

Omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì ló fi se ìrẹsì náà, ó gún ata tó ti ń gbẹ sí i, ó fọ́ ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo lé e lórí. Bí ó ti ń rò ó ni ó ń gbàdúrà nínú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ náà kúrú. *Olúwa, jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúrò níbí ná. Tí mo bá délé, màá tún máa ṣe oore.*

Ó mọ ìdí tí ó fi gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ó mọ irú ọkùnrin tí òun fẹ́.

Adélànà ọkọ rẹ̀ jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi àwọn Yorùbá. Fìríìjì ló ń tún ṣe ní Zone 4, kó tó di pé wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo àgbàlá ló mọ ohùn rẹ̀, nítorí ìpè oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun níbẹ̀, tí ẹlòmíràn bá ń kọjá, ó gbọ́dọ̀ pè é. Yorùbá á ní, “Ẹ wá jẹun.” Àwọn ọmọ ilẹ̀ á ní, “Vous êtes invités.” Ẹni tí wọ́n pè á dáhùn pé, “Ó á gba ibi ire,” tàbí “Bon appétit,” á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkíni lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ kí o jókòó ní tòótọ́, yóò pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Adélànà kì í pe èèyàn sídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ó máa ń tún un pè. Kò sì tíì sí ewu ńlá níbẹ̀, nítorí nígbà tí ìkòkò oníkálukú ń hó, ta ni yóò jókòó sídìí àwo ẹlòmíràn?

Adéfọlákẹ́ bu díẹ̀ sínú àwo fún un. “Bàbá Gbèmí, ẹ jẹ ẹ́ nínú ilé níbí. Èyí tó kù, màá dì í.”

Adélànà gba àwo náà, ó sì ń wá àpótí ìjókòó rẹ̀. “Ooru pọ̀ nínú ilé.”

“Ẹ jẹ́ kó pọ̀.”

“Ìyá Gbèmí, láti ìgbà tí mo ti gba Olúwa gbọ́, mi ò ti ilẹ̀kùn jẹun rí.”

“Ẹ ò rí irú àkókò yìí rí náà.”

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tí ó máa ń rín bí ó bá ti pinnu, ó sì gbé àpótí rẹ̀ jáde. Adéfọlákẹ́ gbọ́ bí ó ti ń súre sórí oúnjẹ náà. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ó di ìdérí ìkòkò mú bí ẹni di ilẹ̀kùn mú.

“Émile! Wá jẹun.”

Émile ni ará yàrá kejì, ọmọ ilẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹrù gbígbé ló ń ṣe ní èbúté kí iṣẹ́ tó dá. Ọkùnrin tó máa ń lọ aṣọ rẹ̀ ni, kódà lásìkò yìí tí kò síbi tó ń lọ. Faransé ni gbogbo wọn ń bá a sọ; Tonton ló máa ń pe Adélànà, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá.

“Merci, Tonton. Bon appétit.”

“Mo ní kó o wá jẹun, Émile.”

Ìró ẹsẹ̀ náà dúró. Adéfọlákẹ́ yọjú lójú fèrèsé, ó rí Émile tó dúró láàárín àgbàlá, tí ó ń wo àwo náà, tí ó sì ń wo ilẹ̀kùn ara rẹ̀ níbi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀ dáadáa. Ó jókòó.

Ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà ọkùnrin jókòó sílẹ̀ nítorí ìrẹsì mọ bí ojú ti ń ṣe é. Adélànà wo ibòmíràn kí Émile lè bu òkèlè àkọ́kọ́. Nígbà tí ó padà yíjú, àwọn ọmọ Émile ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ìyá wọn dúró lẹ́yìn wọn. Ó pè wọ́n, ó tún wọn pè. Raliatou, aládùúgbò wọn, jáde láti yàrá kẹta, ọmọ kékeré lẹ́yìn rẹ̀, ó ń díbọ́n pé garawa òfìfo lòun fẹ́ wò. Adélànà pe òun náà, ó tún un pè.

“Ìyá Gbèmí,” ni ohùn Adélànà wọlé dé nígbẹ̀yìn, “ẹ bá wa bù sí i.”

Adéfọlákẹ́ dúró lórí ìkòkò. Ó gbìyànjú láti rántí opó Sáréfátì, bí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ti tán, ṣùgbọ́n ohun tó ń rí lójú ni ọ̀nà Ghana, àti ọmọ rẹ̀ tí yóò máa sọ pé ebi ń pa òun. Tí ó bá jáde lọ́wọ́ òfo, ojú mélòó ni yóò wò ó? Ìtìjú ló gbé ìkòkò náà jáde.

Wọ́n jẹ ẹ́. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, àgbàlá náà dàbí ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó Émile lá ọwọ́, ó ní, “Tantie Fọlákẹ́, ata yín yìí ò tíì gbọ́ pé ogun dé.”

Émile náà ní, “Tonton, Nàìjíríà ni ìrẹsì yìí fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. A ti bá yín fagi lé ìrìnàjò ẹ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Adéfọlákẹ́. Èépá ìdí ìkòkò nìkan ló kù. Ó gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti kúrò nídìí àwo ni Émile rẹ ohùn sílẹ̀. “Tonton, ẹ gbọ́. Àwọn ọmọ barrage ń yan ilé.” Barrage ni ibi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi táyà àti igi dí ojú ọ̀nà, tí wọ́n ń wo orúkọ èèyàn, pàápàá ti Mùsùlùmí, kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí gbogbo èèyàn kọjá. “Wọ́n ní ọkọ Raliatou ń kó ìbọn pa mọ́ sí yàrá ẹ̀. Wọ́n á wá síbẹ̀ lónìí.”

“Issiaka? Issiaka tó ń ta bàtà?”

“Èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, Tonton. Ohun tí mo gbọ́ ni.”

Raliatou wà nítòsí, ó gbọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Issiaka ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ wá búrẹ́dì, tí kò padà. Kò ké. Ó kàn tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so, ó fún un le, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Adélànà wo ìyàwó rẹ̀. Ó rọra sọ fún un pé, “Ṣé ẹ rí i? Oore kì í gbé. Ìrẹsì yẹn ti sọ̀rọ̀.”

“Kò bá èmi sọ̀rọ̀,” ni Adéfọlákẹ́ dáhùn.

Gbogbo òwúrọ̀ ni ìbọn ń dún láti apá ọ̀nà afárá, ọkọ̀ òfuurufú àwọn sójà òyìnbó Faransé sì ń balẹ̀ ó ń gbéra. Òkun ń hó lẹ́yìn ilé bí ẹni pé ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ. Adéfọlákẹ́ di aṣọ, ó tú u, ó tún un dì kí ó lè kéré. Ó fi ìwé orin sí àárín aṣọ, ó sì tún yọ ọ́, ó mú un lọ́wọ́. Nígbà tí ó parí, ó pe ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ ìkélé.

“Bàbá Gbèmí, mo fẹ́ bẹ̀ yín lóhun kan.”

“Mò ń gbọ́.”

“Tí ọkọ̀ bá dé, ẹ dágbére fún wọn. Ẹ ní ó dàbọ̀. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.”

“Kí ni mo fẹ́ fi kún un?”

“Ẹyin lohùn. Ẹ ti fọ́ ọ̀kan láàárọ̀, mo gbá a. Mi ò ní ìgbálẹ̀ fún èkejì.”

Ó fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ọkùnrin náà kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ti ń fi ẹnu ṣe láti kékeré, ẹnu kì í dúró gba àṣẹ kó tó ṣe é.

François dé bí oòrùn ti ń kúrò ní àtàrí. Kò pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ará Grand-Bassam ni, orúkọ rẹ̀ kò ní wàhálà ní barrage kankan. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ jókòó síwájú, ẹ̀yìn ṣófo.

“Ẹ yára! Ẹ yára! Ọ̀nà ṣì là.”

Adélànà gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Ó bọ Émile lọ́wọ́, ó bọ ìyàwó Émile lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ lé orí àwọn ọmọ wọn, ó ń wí pé ó dàbọ̀, ó dàbọ̀. Adéfọlákẹ́ ń tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí bí ẹni tí ń ti ewúrẹ́ wọlé. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Raliatou.

“Raliatou, ó dàbọ̀ o. Ọlọ́run á dá Issiaka padà fún ẹ.”

“Àmín, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ì bá parí síbẹ̀. Adélànà ti yíjú sí ọkọ̀ nígbà tí ó sọ èyí tó kù, bí gbogbo Yorùbá ti ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi èèyàn sílẹ̀ sẹ́yìn: “Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.”

Èsì rẹ̀ wà nílẹ̀ láti ayébáyé. *Ẹ máa lọ, à ń bọ̀.* Raliatou kò sọ ọ́. Ó wọ yàrá, ó sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó mí, àpò kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Mo ti prêt, Ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Adéfọlákẹ́ sún mọ́ ọn, ó wo ojú rẹ̀. Treichville ni wọ́n bí Raliatou sí, ṣùgbọ́n ilé Yorùbá ló dàgbà sí, kò sí àṣà tí kò mọ̀.

“Raliatou, o mọ̀ pé ìkíni ni.”

“Mo mọ̀, Màmá Gbèmí.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Kò tún un sọ.”

“Mo mọ̀.” Omi wà lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó bọ́. “Pardon. Mo gbọ́ ohun tí Émile sọ. Ta ló tún máa pè mí?”

François sọ̀ kalẹ̀, ó ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀. “Mẹ́ta ni mo bá àwọn ọmọ barrage sọ! Àlejò mẹ́ta! Tí mo bá gbé mẹ́rin, wọ́n á gba ọkọ̀ mi. Ọmọ tó ń pọ̀n yẹn, wọn ò kà á, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀, wọ́n á kà á. Tonton, ẹ sọ fún un, ká máa lọ.”

Gbogbo ojú padà sára Adélànà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Kó ní, “Raliatou, má bínú.” Ó wo Raliatou, ó wo ọmọ tó sùn sẹ́yìn rẹ̀ tó lanu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó sì yọ àpò tirẹ̀ jáde.

Adéfọlákẹ́ fà á wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ níwájú pẹpẹ, kò tíì sọ “ìwọ” sí ọkọ rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

“Kí ni ìwọ rò pé o ń ṣe?”

“Màá wá nínú ọkọ̀ mìíràn.”

“Ọkọ̀ wo? Ta ló ní ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn? Ẹ̀rọ mi lo fi ń tọrẹ yẹn! Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ilé la ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, Adélànà. Ìwọ kó ẹ̀ṣọ́ síta, o fi wá sílẹ̀ níhòòhò.”

“Mo ti sọ ọ́ jáde.”

“Gbogbo ayé ń sọ ọ́ jáde! Ìkíni ni!”

Adélànà jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n ti ká ẹní kúrò lórí rẹ̀. “Tó bá jẹ́ ìkíni ni,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, “a jẹ́ pé gbogbo ìpè tí mo ti ń pè láti ọjọ́ yìí, ìkíni ni. Tí mo bá jáde sọ fún obìnrin yẹn pé ẹnu mi nìkan ló pè é, a jẹ́ pé mo ti ń purọ́ níwájú Ọlọ́run látọjọ́ tí mo ti ń súre sórí oúnjẹ.”

“Ọlọ́run á dárí irọ́ náà jì ẹ́. Jẹ́ ká máa lọ.”

Adéfọlákẹ́ rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ìyẹn ló bí i nínú jù. Ì bá ṣe pé onígboyà ni, ì bá sàn. François ń fun fèrè ọkọ̀.

“O fi mí ṣe opó,” ó ní. “Raliatou gba àyè rẹ nínú ọkọ̀, èmi gba àyè tirẹ̀.”

Adélànà dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. “Tí ẹ bá dé Noé, ẹ pè mí,” ó ní, ó ṣì ń bá a fi ẹ̀yin sọ̀rọ̀ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ó gbé Àdúràgbèmí sínú ọkọ̀, ó fi ẹnu kan orí rẹ̀. Adéfọlákẹ́ wọlé sí ìkángun kejì, kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí ọmọ náà ń wí pé, “Papa, tu viens pas? Ẹ ò bá wa lọ?” Ọkọ̀ ṣí.

Wọn kò jìnnà. Wọ́n kọjá barrage àkọ́kọ́, àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ka orí wọn, wọ́n sì juwọ́ sí François. Ìkejì wà ní Gonzagueville. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ka orí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wá ọkọ̀.

“Tout le monde descend! Gbogbo yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀!”

François ń bẹ̀bẹ̀, ó ń pe orúkọ ẹni tí òun bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni náà kò sí mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì gún, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, gba káàdì ìdánimọ̀ Adéfọlákẹ́ wò, ó jù ú padà. Ó na ọwọ́ sí Raliatou.

“Tìẹ ńkọ́?”

Raliatou ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé.

“Orúkọ ẹ?”

Raliatou di ọ̀já ọmọ rẹ̀ mú. Ọmọkùnrin náà yíjú sí Adéfọlákẹ́. “La vieille, ìyá àgbà, ṣé o mọ obìnrin yìí?”

Gbogbo ìbínú Adéfọlákẹ́ láti òwúrọ̀ ti kó jọ sí ẹnu rẹ̀, ìrẹsì, ẹ̀rọ ìránṣọ, àyè ọkọ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni yóò sọ, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. *Mi ò mọ̀ ọ́n.* Àpọ́sítélì pàápàá ti sọ ọ́ rí nídìí iná. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Raliatou jí, ó sì ń wo Adéfọlákẹ́, ó ń mu àtàǹpàkò rẹ̀.

“Àbúrò mi ni,” ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ wí. “Ìyàwó díákónì ni mí. Débórà lorúkọ ẹ̀.”

Ọmọkùnrin náà wo ìwé orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Gbàdúrà fún wa nígbà náà, la vieille.” Ó wọ ọkọ̀, wọ́n gbé ẹni tó fara pa sí ẹ̀yìn níbi tí Àdúràgbèmí ti jókòó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wà á lọ. François jókòó sí etí ọ̀nà, ó fi orí sáàárín ẹsẹ̀, bàbá arúgbó náà ń pè é.

Àwọn obìnrin méjèèjì àti Àdúràgbèmí fi ẹsẹ̀ rìn padà ní etí òkun, nítorí òfin kónílé-ó-gbélé kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àdúràgbèmí ń béèrè bóyá wọ́n ti dé Ghana. Ní ibì kan, Raliatou gbìyànjú láti gba ẹrù orí Adéfọlákẹ́.

“Màmá Gbèmí, ẹ ṣeun.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.” Ó ń rìn lọ. “Ó kéré tán, a jọ ń padà sọ́dọ̀ Bàbá Gbèmí. Ó máa ṣe bí ẹni pé òun ló ṣètò ẹ̀.” Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún un ti ń tò lẹ́nu rẹ̀, èyí tó le níwájú, èyí tó rọ̀ lẹ́yìn. Níparí, yóò tọrọ gáfárà nítorí “ìwọ” yẹn.

Ẹnu ọ̀nà àgbàlá ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá Raliatou wà nílẹ̀, aṣọ àti bàtà títà Issiaka fọ́n káàkiri. Àpótí ìjókòó Adélànà wà ní ibi tó máa ń wà, ìkòkò àárọ̀ wà níwájú rẹ̀, ṣíbí nínú rẹ̀. Wọ́n ti ha èépá náà dé ìdajì. Sálúbàtà rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Adéfọlákẹ́ wá èkejì kiri pẹ̀lú ojú, kò rí i.

Émile jókòó sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ṣì mọ́, kò tíì rún. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé, kò jáde.

“Émile, ọkọ mi dà?”

“Tantie.”

“Ọkọ mi dà?”

“Wọ́n wá bi í pé ibo ni Raliatou wà. Ó ní ó ti rìnrìnàjò. Wọ́n ní ta ló gbé e lọ, ó ní òun ló fún un láyè.” Ilẹ̀ ni Émile ń wò. “Oúnjẹ ló ń jẹ nígbà tí wọ́n dé. Èépá yẹn. Ó pè wọ́n, Tantie. Ó ní vous êtes invités. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó tún wọn pè.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Wọ́n ní kó bá àwọn lọ, kó wá ṣàlàyé.”

“Ibo?”

Émile kò mọ̀.

“Ìwọ ńkọ́? Ibo lo wà?”

Émile gbé ojú sókè wo ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó tún wolẹ̀. Òkun hó, ó rọlẹ̀, ó tún hó. Adéfọlákẹ́ mú sálúbàtà kan náà, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dojú rẹ̀ kọ ìta.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyàwó Émile gbé àwo kan jáde. Àtíẹ̀kẹ́ díẹ̀ ni, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó dàbí gàrí, iyọ̀ lásán ni wọ́n wọ́n sí i. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì sá wọlé. Émile wo àwo náà títí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó gbọ́ ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, òun ló sọ, ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

“Ẹ wá jẹun.” Ó gbé itọ́ mì. “Ẹ wá jẹun, Tantie.”

Àdúràgbèmí ti jókòó. Adéfọlákẹ́ jókòó tì í. Raliatou ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, kò wọlé, kò jáde, bí ẹni tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀.

“Raliatou, wá jẹun,” ni Adéfọlákẹ́ wí.

“Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, Màmá Gbèmí. Ó á gba ibi ire.”

Èsì tó yẹ nìyẹn. Kò sí àléébù níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè dá Adéfọlákẹ́ lẹ́bi bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bu òkèlè kan, ó dà á padà sínú àwo. Ilẹ̀ ń ṣú.

“Mo ní kó o wá jẹun.” Kò sí ìfẹ́ kankan nínú ohùn náà, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Raliatou wá. Ó jókòó jìnnà díẹ̀, ó ń bu tirẹ̀ ní bèbè àwo. Nígbà tí àtíẹ̀kẹ́ náà ń lọ sópin, Àdúràgbèmí fi ìka pààlà sí àárín rẹ̀, ó kó díẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ ká a mọ́ bí ẹni mọ ògiri.

“Ti Papa,” ó ní.

Àwọn àgbà mẹ́ta wo ìpín náà. Ọwọ́ gbogbo wọn kúrò nínú àwo.